Káàdì Kẹ́hìndé

Ìwé kékeré kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní Gyellesu, ní Zaria níbí, pé kí n fi ojú àgbà wò ó kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́. Ìrántí Ìyá Fúntùwà ni wọ́n ń múra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti kú tipẹ́, tí àwọn ọmọ ilé wa sì fẹ́ ṣe àdúà fún. Ní ojú ewé kejì ni mo ti rí gbólóhùn náà: pé ìyá yìí ló kọ́kọ́ mọ iyì ètò ìlera ọmọdé nínú gbogbo ilé Yorùbá tó wà ní Sabon Gari, pé kò sí Ọjọ́rú kan tó pa jẹ tí kò gbé àwọn ìbejì ilé wa lọ sí ibi ìwọ̀n, àti pé ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni Kẹ́hìndé fi wà láàyè lónìí. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún gbólóhùn náà kà. Òótọ́ ni pé kò pa Ọjọ́rú kankan jẹ. Ibi tí òótọ́ inú ìwé náà mọ nìyẹn. Ẹni tó sì kọ ọ́ ni Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀, àbúrò mi, Àlàájì tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí. Mo fi báírò pupa fa ilà sí ojú ewé kejì láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì dá ìwé náà padà. Ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ju ọgbọ̀n lọ, mo sì ti fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí irọ́ tó kéré sí èyí. Èyí tí mo ń kọ yìí ni mo fi rọ́pò ọ̀rọ̀ ìyìn tí wọ́n ní kí n wá sọ. Bí ẹ bá sì rí i pé mo ń pe Ìyá Fúntùwà ní “ó” níbi tó yẹ kí n ti pè é ní “wọ́n”, ẹ má ṣe bá mi jà. Mo ti dàgbà ju bí ó ṣe dàgbà tó nígbà náà lọ, mo sì ti bọ̀wọ̀ fún un tó nígbà tí mo wà lọ́mọdé láìjẹ èrè kankan.

Ilé wa ní Sabon Gari kò jìnnà sí ojú irin. Réluwéè ni aago wa. Bí èyí tó ń bọ̀ láti Kano bá ti fọn fèrè láàárọ̀, bàbá mi á ti máa fa páànù jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ariwo páànù á sì gba àdúgbò kan bí ẹni pé òjò yìnyín ń rọ̀ sórí wa nìkan. Lẹ́yìn ògiri, àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Háúsá á máa gún jéró, ìyá mi á máa gún ata níhìn-ín, odó méjèèjì kì í bára mu rí, ó sì máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń jiyàn. Kókò àti kósáì la fi ń ṣínu, bí ẹni pé àwa kọ́ la ni ògì àti àkàrà. Àwa ọmọ ilé náà, Háúsá la fi ń tọrọ wọn, tí bàbá mi á sì máa bú wa ní Yorùbá pé a ò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń fọ àkísà ìdí ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìyá Fúntùwà kì í ṣe iṣẹ́ kankan tí ènìyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí. Fúntùwà ló ti ṣe ilé ọkọ. Nígbà tí ọkọ kú, ó padà sílé àbúrò rẹ̀, ìyẹn bàbá mi, pẹ̀lú àpótí mẹ́ta àti ohùn kan. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nílé wa tí kò ní í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Àga kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tó jẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń dá ẹjọ́.

Ọdún yẹn ni ìyá mi bí ìbejì, ọkùnrin méjì, tí wọ́n jọra débi pé fìlà la fi ń dá wọn mọ̀: pupa fún Táíwò, aró fún Kẹ́hìndé. Ìyá Fúntùwà gba ìtọ́jú wọn bí ẹni gba ipò. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun, kò sí ilé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti di òfin ìjọba. Bí ọ̀kan bá wẹ̀, èkejì á wẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ń sùn. Bí inú ọ̀kan bá kùn tí wọ́n sì fún un ní àgbo, èkejì tí inú rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ á gba tirẹ̀ tipátipá, á sì sunkún ohun tí kò ṣe é. Ní ọjọ́ kan, eṣinṣin bà lé imú Táíwò, mo lé e. Ó ní kí n fẹ́ ọwọ́ níwájú imú Kẹ́hìndé náà. Mo fẹ́ ẹ.

Kò pẹ́ tí eéwo fi sọ ìyá mi lọ́mú òsì. Ó gbóná, ó tú, omi ọmú gbẹ níbẹ̀. Ó wá ku ọmú kan fún ẹnu méjì. Ta ni yóò kọ́kọ́ mu? Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé abẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wa la mọ̀ pé Táíwò ló kọ́kọ́ wáyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìyá Fúntùwà ronú díẹ̀, ó tu omi obì jáde, ó ní nígbà tó jẹ́ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni yóò ní sùúrù. Kí àbúrò kọ́kọ́ mu tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ oṣù kan ṣe di àgbà ilé tó ń dúró de èyí tó bá ṣẹ́ kù. Táíwò sì nìyí, títí di òní olónìí, kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá mi sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ó ṣe máa ń sọ gbogbo nǹkan nínú ilé yẹn, pé lójú òun Kẹ́hìndé fẹ́ máa rù.

“Kò rù,” ni Ìyá Fúntùwà wí. “Ara àgbà ló ní.”

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìwọ̀n ní disipẹ́ńsárì. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò kọ́kọ́ gbọ́ pé kí wọ́n máa gbé ọmọ tí ara rẹ̀ dá wá, ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe. Ta ló ń gbé ọmọ tí kò ṣàìsàn lọ bá nọ́ọ̀sì? Ó yẹ kí n fi èyí yin Ìyá Fúntùwà, màá sì sọ ọ́ kíákíá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí: òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lé tìróò, ó ní kí n pọn Kẹ́hìndé, òun gbé Táíwò, ó di disipẹ́ńsárì. Mo rò pé ohun tó fà á ni pé gbogbo obìnrin Sabon Gari ni yóò wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí wọn yóò sì rí i pé ìbejì wà lọ́wọ́ òun. Kò ní ọmọ kankan láyé. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ará Wusasa ni, Háúsá tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Sísítà Hannatu la ń pè é. Abọ́ irin fífẹ̀ kan ló ń tẹ́ ọmọ sí, ọwọ́ kan á sì fò lójú ìwọ̀n náà bí ọwọ́ aago. Á wá fi báírò ṣe àmì róbótó sórí káàdì ọmọ, á fi rúlà fa ilà láti àmì ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé ti òní. Ó ṣàlàyé fún wa pé òun kò wo bí ọmọ ṣe tóbi tó. Ilà ni òun ń wò, bóyá ó ń gòkè. Bí ilà bá dùbúlẹ̀, kí ẹ la ojú yín. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sáré. Ó ní àìsàn ọmọ máa ń hàn lórí káàdì kí ìyá ọmọ tó rí i lára ọmọ, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn wá nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, mo sì rò pé láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ ilé ìwé, n kò tíì gbọ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kẹrin, ilà Táíwò gòkè, ti Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ti Kẹ́hìndé sọ̀kalẹ̀. Sísítà Hannatu kì í fi epo sí ọ̀rọ̀. Ó gbé káàdì náà sókè láàárín gbogbo obìnrin, ó ní yunwa ni, ebi ló ń pa ọmọ yìí, ó sì ní bí ó bá tún sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò kọ ìwé kí wọ́n lọ dá a dúró ní ọsibítù ní Wusasa. Ebi, nílé oní páànù. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tí òun àti Ìyá Fúntùwà kì í kí ara wọn wúkọ́. Ikọ́ lásán. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn títí láyé mi, mo sì gbà pé bí kò bá wúkọ́ ni, à bá ti sùn ní Wusasa lọ́sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ìyá Fúntùwà gba káàdì méjèèjì, ó ká wọn, a rìn títí a fi dé ibi tí a ti ń sọdá ojú irin. Níbẹ̀ ló ti dúró.

“Wọn ò lè gbé ọ̀kan nínú ìbejì ga ju èkejì lọ,” ni ó wí, kì í ṣe fún mi. “Ohun tí a bá ṣe fún Táíwò la ó ṣe fún Kẹ́hìndé. Bí Táíwò bá wúwo, Kẹ́hìndé náà á wúwo.”

Mo rò pé oúnjẹ ló ń sọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó fi mí sẹ́yìn igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn disipẹ́ńsárì pẹ̀lú Kẹ́hìndé lẹ́yìn mi, ó ra másà gbígbóná fún mi lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in lẹ́nu géètì, ó bu ṣúgà sí i, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ó gbé Táíwò wọlé pẹ̀lú fìlà pupa. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó jáde, ó yípo ilé náà, ó bọ́ fìlà pupa, ó dé e ní fìlà aró, ó tún lọ tò lẹ́yìn. Ó ní ìyá Kẹ́hìndé ló dé yìí, òun gbé ìkejì wá. Ọmọ tí Sísítà ń wọ̀n lọ́jọ́ kan pọ̀ ju ẹran tó wà lọ́jà Iléyá lọ, ta ni yóò rántí ojú? Àmì Kẹ́hìndé gòkè fíìfíì. Sísítà yìn ín. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ kò wúkọ́. Bí a ṣe ń lọ sílé, Ìyá Fúntùwà ń kọrin lẹ́nu, èmi ń lá ṣúgà lọ́wọ́, Kẹ́hìndé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanra lórí káàdì sì sinmi orí lé mi lẹ́yìn bí ẹni tó ti rìn jìnnà.

Bàbá mi kò kàwé, àmọ́ ó fẹ́ràn ohunkóhun tí wọ́n bá kọ. Ó kan ìṣó méjì mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ó fi káàdì méjèèjì kọ́ síbẹ̀. Bí àlejò bá wá, bí omi ló bá wá mu, kò ní í mu ún tán kí bàbá mi tó mú un dé iwájú ògiri. “Ẹ wò ó,” ni yóò wí, á fi ìka tọ́ ilà méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. “Bí ojú irin.” Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí èyí tó yà. Àwọn àlejò á ní màṣàálàhù. Nínú gbogbo wọn, àwọn àlàájì, àwọn àáfà, ọ̀gá kan ní réluwéè tó fi fìlà sábẹ́ apá, kò sí ẹnì kan tó ní kí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà wá kí òun rí wọn. Káàdì tó fún wọn. Bí mo bá ń ṣe ìṣirò ẹ̀bi, n kì í gbàgbé bàbá mi. Kẹ́hìndé wà ní yàrá kejì, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Èmi mọ̀. Èyí ni ibi tí báírò mi ti ń wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ òótọ́ nípa àwọn òkú kò gbọdọ̀ fo ara rẹ̀. Mo lè ka nọ́ḿbà. Mo rí i pé àmì méjèèjì bára mu ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò yẹ̀ rárá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́rú márùn-ún ni mo jókòó lẹ́yìn igi yẹn tí mo ń jẹ másà. Mo tilẹ̀ máa ń retí Ọjọ́rú. Ní ìgbà kẹta, mo sọ fún ìyá mi níbi tó ti ń gún ata. Ọmọ odó dúró sókè. Ó wo ẹ̀yìn mi níbi tí Kẹ́hìndé wà, ó wo ọ̀nà ìdí igi máńgòrò, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gún ata tó ti kúnná tipẹ́. Ìyàwó kékeré ni, wọ́n sì ti sọ fún un rí pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin, ìlú wọn, kì í wọ́n ní Zaria. Mo ti darí jì í. Ó gbà mí ní ogójì ọdún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kẹ́hìndé dákẹ́ ẹkún. Inú gbogbo ilé dùn. Táíwò á ké, á tàpá, á mu, á sùn. Kẹ́hìndé á máa wo àjà. Ìyá Fúntùwà ń fi í ṣe àpèjúwe fún àwa yòókù pé ẹ wo ọmọ tó mọ̀ pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ní Ọjọ́rú kẹfà tí a ti ń lo igi dóńgóyárò yẹn, mo pọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń ṣe, mo so ọ̀já, a gbéra. Oòrùn ti mú díẹ̀. A ń sọdá ojú irin, òkúta ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo dúró lójijì, mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti wò bóyá ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ìwúwo kankan lẹ́yìn mi. Mo rò pé ó ti yọ́ bọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Ọwọ́ mi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù, ó tinrín bí ìka mi. Ìyá Fúntùwà pè mí pé kí n máa bọ̀ jàre, kí másà má baà tán.

Mo jẹ másà náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo jẹ ẹyọ kan tán, mo sì mú èkejì lọ́wọ́ kí n tó dìde. Mo yípo ilé náà, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, mo kọjá lára gbogbo àwọn tó tò. Ìyá Fúntùwà ti dé iwájú ní ìgbà kejì. Táíwò ti wà nínú abọ́ ìwọ̀n pẹ̀lú fìlà aró, ó ń tàpá, ọwọ́ ìwọ̀n ń fò. Mo tú ọ̀já níbẹ̀. Mo tẹ́ Kẹ́hìndé sórí tábìlì, mo sì sọ ọ́ ní Háúsá, kí ó má baà sí ẹni tí kò ní í gbọ́, pé Sísítà, Kẹ́hìndé nìyí.

Sísítà Hannatu wo ọmọ inú abọ́, ó wo ti orí tábìlì. Ó gbé Táíwò kúrò, ó fi í lé Ìyá Fúntùwà lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Kẹ́hìndé sínú abọ́ náà bí ẹni gbé ẹyin. Ọwọ́ ìwọ̀n mì díẹ̀, ó dúró. Kò sí ẹni tó wúkọ́.

“Hajiya,” ni Sísítà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “èwo lẹ ti ń gbé wá?”

“Ìbejì ni wọ́n,” ni Ìyá Fúntùwà dáhùn. “Ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Ó gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti wò ó lọ́kàn mi nígbà tí kò níye, n kò rí àrékérekè kankan níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù. Ẹni tó ń purọ́ tó sì mọ̀ pé irọ́ ni, ènìyàn lè bá a jà. Sísítà kò pariwo. Ó fa ilà kan gba orí káàdì Kẹ́hìndé kọjá, ó mú tuntun, ó ṣe àmì róbótó kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ó sì kọ ìwé.

Wọ́n rí i ní Wusasa pé ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ebi ló sì ṣe ìyókù. Wọ́n ń fi ṣíbí bu wàrà sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru; nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ìyá mi bí yóò ṣe máa po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ kókò, àti bí yóò ṣe máa fún ọmọ tí kò lágbára lọ́mú ṣáájú èyí tó lágbára, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí wọ́n tó padà sílé. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Fúntùwà ń gbé oúnjẹ ìyá mi lọ sí Wusasa, kò sì wọ inú géètì rí. Á jókòó sábẹ́ ògiri lóde, á ní kí n gbé abọ́ náà wọlé. Mo ti di obìnrin kí n tó gbọ́ pé ó ti bí ọmọ kan rí ní Fúntùwà, obìnrin, ó gbé e lọ sí ọsibítù kan ó sì pọn ọ̀já lásán bọ̀ wálé. Wọ́n sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé kí n sunkún. Mo ní ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, òun gan-an ló yẹ kó sáré.

Ní ti èmi, ẹ má rò pé wọ́n dúpẹ́. Bàbá mi yọ ìṣó méjèèjì kúrò lára ògiri, ó ju gbogbo káàdì náà, ti àtijọ́ àti tuntun, sínú pàǹtí, èmi ni mo lọ ṣà wọ́n. Ìtìjú rẹ̀ kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ kú. Ìtìjú rẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́ ọ níta. Nígbà tí Iléyá dé, gbogbo ọmọ ilé ló wọ aṣọ tuntun, àti Kẹ́hìndé tí kò tíì lè dá jókòó. Tèmi nìkan ni aṣọ èṣí. Ó ní ọmọ tó ń tú àṣírí ilé kò nílò aṣọ. Ìyá Fúntùwà kò sì pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Sísítà ló ń pè mí. Sísítà ti dé o, ẹ gbé ọmọ pamọ́. Sísítà, wá wọn iyọ̀ yìí fún wa. Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n pè mí ní Sísítà títí tí mo fi lọ sílé ọkọ, àwọn ọmọ àbúrò mi tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀ sì rò pé mo ti ṣe nọ́ọ̀sì rí.

Lónìí, ẹnu ọ̀nà ni àwọn tó ń tọ́ òògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu ń bá wa. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á tọ́ ẹ̀kán méjì, wọ́n á fi íńkì dúdú kun èékánná ìka ọmọ. Ìyàwó ọmọ mi tí à ń gbé pọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín pé mo máa ń fa ọwọ́ ọmọ náà mọ́ra, mo máa ń wo ìka yẹn lábẹ́ iná. Mo máa ń sọ fún un pé ọlọ́gbọ́n lẹni tó rò ó pé ara ọmọ gan-an ni kí wọ́n sàmì sí. Kò mọ ohun tí mo ń sọ. Mo sì máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwọ̀n, mo máa ń dúró títí wọ́n á fi kọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò sì fẹ́ràn mi.

Kẹ́hìndé dé lọ́jọ́ kẹta tí mo dá ìwé rẹ̀ padà. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá tẹ̀ sápá kan títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ìyókù ikùn ò jẹ́ kó ṣe, ó jókòó, mo gbé túwó, ọbẹ̀ kúkà àti abọ́ ẹran síwájú rẹ̀. Nígbà tó jẹun dé àárín, mo kó káàdì méjì lé itan rẹ̀, èyí tí Sísítà fa ilà gbà kọjá àti tuntun tó fún un lọ́jọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fìlà, igi dóńgóyárò, másà. Mo ti ń dúró de ọjọ́ náà láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ títí, ó ń jẹun lọ.

“Àǹtí Ràbí,” ni ó wí, “mo mọ̀.”

Ó ní Ìyá Fúntùwà ló sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀, ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òun ń gé èékánná fún un. Ó sọ ọ́ láìsunkún, ó ní Táíwò ni òun ń gbé wọ̀n dípò Kẹ́hìndé, ó ní Sísítà ilé wa ló gbé Kẹ́hìndé dé orí ìwọ̀n, bí kì í bá ṣe ọmọ yẹn ni, ilẹ̀ ni ì bá wà.

“Wọ́n wá ní kí n má sọ fún yín,” ni Kẹ́hìndé wí. “Wọ́n ní ẹ ó máa yan lójú àwọn.”

Mo bi í pé ṣé láti ìgbà yẹn ló ti mọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi kọ ohun tó kọ. Ó ní ìwé àdúà ni, kì í ṣe kóòtù, àti pé ìyá náà gé ẹran fún òun lójoojúmọ́ títí òun fi ní irùngbọ̀n, òun kò sì rí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo gbé ẹran kúrò níwájú rẹ̀. Ó wo abọ́ náà bí ó ṣe ń lọ, kò bínú. Mo rí ẹni tó mọ̀ mí, tí ó mọ ohun tí mo ṣe, tó sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn bá mi jẹun láìsọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé òkú kan ní kó dákẹ́. Kẹ́hìndé kì í yéé ní sùúrù, ó dà bí ẹni pé wọ́n kọ́ ọ yé e.

Ó mú káàdì tuntun náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fi ìka ńlá rẹ̀ bo àmì róbótó tó wà nísàlẹ̀, ó gbé ìka náà kúrò, ó tún wò ó.

“Èmi nìyí?”

Mo ní òun ni.

Ó tún gbé káàdì náà lé itan rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó bi mí, bí ọmọdé ṣe ń béèrè ohun tí ẹ̀rù ń bà á láti gbọ́, pé lọ́jọ́ tí mo gbé òun wọlé yẹn, tí mo pọn òun kọjá lójú irin, ṣé òun wúwo lẹ́yìn mi.

Mo gbé ẹran rẹ̀ padà síwájú rẹ̀.

“O wúwo,” ni mo wí. “O fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lẹ́yìn.”